Bí Ìhà Bá Ṣẹ́, Èémí Ni Ká Kọ́kọ́ Gbà Là

Òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni kí èèyàn fi lọ dúró níbi tí ọ̀nà Igbó-Elérin ti já sí títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ní Okokomaiko. Ọ̀kadà á já wá láti inú àdúgbò, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LASU kan lẹ́yìn ẹni tó ń gùn ún, ìyá oníṣòwò kan lẹ́yìn akẹ́kọ̀ọ́, àpò ẹrù lórí táǹkì epo. Dánfó á ṣẹ́rí lójijì nítorí èrò kan ṣoṣo tó nawọ́. Tírélà tó gbé kọ̀ǹténà á máa bọ̀ láti apá Àgbárá, a ò sì mọ̀ bóyá wọ́n de kọ̀ǹténà náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Gbogbo wọn ló ń du ojú kan náà. Bí wọ́n bá kọlu ara wọn, orí àti ẹsẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ wò lára ẹni tó ṣubú, torí ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ń hàn síta. Ti ìhà kì í hàn. Ẹni tí ìhà rẹ̀ ṣẹ́ lè dìde, kó gbọn erùpẹ̀ ara aṣọ, kó ní nǹkan kan ò ṣe òun, kó sì gba ilé lọ. Ẹni yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Ọ̀kadà ò tíì ní kúrò lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, ọdún 2022, Ọ̀jọ́ ò sí nínú wọn. Nígbà tí wọ́n fi mẹ́rin kún un ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Ọ̀jọ́ ò tún sí níbẹ̀. Mi ò sọ èyí láti ní kí wọ́n wá fòfin dè é fún wa. Ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ Igbó-Elérin mọ̀ pé bí òjò bá ti rọ̀, ọkọ̀ tó máa ń gbà láti wọ inú àdúgbò ò pọ̀. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ṣèlérí pé yóò dé Okokomaiko bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023, ṣùgbọ́n Mile 2 ni ìpele kìíní rẹ̀ dúró sí. Ojú títì la ṣì ń gbà.

Ní 2009, àwọn oníṣẹ́-abẹ àyà méjì ní LUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì Èkó, Thomas àti Ogunleye, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí nǹkan gbá láyà láì dá ojú ọgbẹ́ sí wọn lára. Jàǹbá ojú pópó ló ṣíwájú nínú ohun tó ń gbé wọn dé ọsibítù. Ẹni tó ń wa mọ́tò láì de bẹ́líìtì máa ń fi àyà sọ sítíárìn. Ẹni tó jókòó síwájú dánfó, pátákó iwájú rẹ̀ ni yóò fi àyà gbá. Ọlọ́kadà á fò lórí apá alùpùpù, apá náà á sì gún un níhà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú títì nìkan. Bíríkìlà máa ń já láti orí igi tó gùn mọ́ ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n ń kọ́ ní Ìbà. Ẹrù tó wúwo máa ń ya lu alábàárù lọ́jà Alábà. Bàbá àgbà lè yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀, kó sì fi ìhà lé etí ìwẹ̀. Ìhà àgbàlagbà kì í pẹ́ ṣẹ́, ìṣubú kékeré sì tó o.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí nǹkan ṣe yìí nígbà tó délé. Kò lè dùbúlẹ̀. Ó jókòó, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibi tó ń dùn ún. Èémí rẹ̀ kúrú, ó sì ń yára. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á máa já mọ́ ọn lẹ́nu: ọ̀rọ̀ méjì, ó mí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó mí. Ikọ́ ń bọ̀, ó ń gbé e mì, torí bó bá wúkọ́, á dà bí ẹni pé wọ́n ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ níhà. Àwọn ará ilé á ní ẹ̀jẹ̀ ló dì sí i nínú. Wọ́n á gbé omi kaná, wọ́n á fi òrí tàbí róòbù ra ibẹ̀, wọ́n á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú ọ̀já tàbí ìró ìyàwó rẹ̀, wọ́n á dì í yí àyà ká gírígírí. Ẹlòmíì á ra oògùn ìrora oníyẹ̀fun lọ́wọ́ alákiri, tí aspirin wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ aspirin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ yẹn lè ti ṣóńṣó eegun wọnú ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀já yẹn sì ń dí i lọ́wọ́ láti mí.

Eegun ìhà méjìlá ló wà lápá ọ̀tún, méjìlá lápá òsì. Ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n yí ká lókè. Nísàlẹ̀, wọ́n bo ẹ̀dọ̀ lápá ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tí ìhà tó ṣẹ́ nísàlẹ̀ fi lè jẹ́ àmì pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ikùn. Àyà wa ń ṣiṣẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ: bó bá fẹ̀, á fa afẹ́fẹ́ wọlé, bó bá sún kì, á tì í jáde. Bí eegun kan ṣoṣo bá ṣẹ́, ẹwìrì ṣì ń fẹ́, ìrora ló kàn wà níbẹ̀, eegun náà á sì mọ fúnra rẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìyọnu ni bó bá pọ̀. Ẹni tó ń mí kúkúrú nítorí ìrora, tí kò lè wúkọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dúró sí i nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹn ló ń di òtútù àyà lọ́jọ́ kẹta sí ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí àwọn ará ilé ti ń sọ pé ara rẹ̀ ń yá bọ̀. Ìwádìí kan tí Bulger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Seattle ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2000, fi hàn pé láàárín àwọn tó ti tó ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, eegun ìhà kọ̀ọ̀kan tó bá ṣẹ́ kún èyí tó ti ṣẹ́ ń fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu ikú, ó sì ń fi ìdá 27 kún ewu òtútù àyà. Ẹ ka eegun náà ní mẹ́fà, kí ẹ wo ohun tó dà.

Èyí tó burú jù ni ìgbà tí eegun mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó tẹ̀ léra bá ṣẹ́ níbi méjì méjì. Ibẹ̀ á dá dúró, kò ní so mọ́ ìyókù àyà mọ́. Bí aláìsàn bá mí sínú, tí àyà ìyókù ń wú, ibẹ̀ á rì wọlé. Bó bá mí síta, ibẹ̀ á yọ jáde. Dókítà ò nílò ẹ̀rọ láti rí i. Kó bọ́ ẹ̀wù aláìsàn, kó lóṣòó ti bẹ́ẹ̀dì, kó fojú sun àyà láti ẹ̀gbẹ́, á rí i pé apá kan ń lọ nígbà tí apá kejì ń bọ̀. Ẹ̀dọ̀fóró abẹ́ ibẹ̀ náà á ti ṣèṣe, ẹ̀jẹ̀ á ti sun sínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ò sì ní ráyè wọ ara bó ṣe yẹ.

Mo sọ pé ọ̀já tí wọ́n dì mọ́ àyà ń dí èémí lọ́wọ́. Àwọn dókítà òyìnbó gan-an ti dì í rí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, báńdéèjì àti pílásítà ni wọ́n fi ń dè é. Àwọn mìíràn fi ìkọ́ kọ́ eegun ìhà láti òde, wọ́n so òkúta ìwọ̀n mọ́ okùn rẹ̀ kó lè máa fà á jáde. Ní 1956, Mörch, Avery àti Benson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Chicago, kọ nípa ọ̀nà mìíràn: kí ẹ̀rọ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí afẹ́fẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ máa gbé ìhà tó ṣẹ́ dúró láti inú, títí yóò fi mọ. Ó gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà lórí ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀rọ náà ló máa ń fi òtútù àyà ràn án. Ní 1975 ni Trinkle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé ọ̀pọ̀ wọn ò nílò ẹ̀rọ rárá, pé ẹ̀dọ̀fóró tó ṣèṣe ló yẹ ká máa tọ́jú, ká sì pa ìrora. Ní Faransé, Robert Judet ti ń fi irin pẹlẹbẹ eléékánná di eegun ìhà mú nígbà náà. Ìbéèrè tó wá kù ni pé: àwọn wo ló yẹ ká la ara wọn, ká to eegun ìhà wọn, ká sì fi irin dì í?

Ìdáhùn tó kọ́kọ́ ní ìwọ̀n wá láti Japan ní 2002. Tanaka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín aláìsàn 37, tí àyà wọn ti dá sọ́tọ̀ bí mo ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, sí ọ̀nà méjì. Àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lo bí ọjọ́ 11 lórí ẹ̀rọ amúnimí. Àwọn tí wọn ò ṣe fún lo 18. Òtútù àyà mú ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn ti ìṣáájú, ó mú ìdá 77 lára àwọn ti ẹ̀yìn. Èyí tó mú mi lọ́kàn jù nínú rẹ̀ ni pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 11 nínú 18 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn pátápátá, ẹnì kan ṣoṣo nínú 19 ló sì padà lára àwọn yòókù. Ẹni tó mọ bí bíríkìlà, awakọ̀ àti alábàárù ṣe ń jẹun, tó mọ̀ pé ọjọ́ tí wọn ò ṣiṣẹ́ ni ilé ò ní jẹun, á mọ ohun tí ìṣirò yẹn túmọ̀ sí ní Okokomaiko. Granetzny àti àwọn tirẹ̀ ṣe irú rẹ̀ ní Íjíbítì ní 2005, Marasco ṣe é ní Melbourne ní 2013, iṣẹ́ abẹ sì tún ṣíwájú. Ní Bìrìtéènì, NICE, àjọ tó ń tọ́ àwọn dókítà ibẹ̀ sọ́nà, fọwọ́ sí irin ìhà ní 2010.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ìhà tó bá ṣẹ́ ló yẹ kó rí ọ̀bẹ. Ìwádìí tó tóbi ju ìwọ̀nyẹn lọ, èyí tí Dehghan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lára aláìsàn 207 ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2022, sọ pé bí a bá da gbogbo aláìsàn pọ̀, iye ọjọ́ tí wọ́n fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tó ti wà lórí ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ ṣàǹfààní fún gan-an. Ẹnikẹ́ni ò kú lára àwọn 108 tí wọ́n ṣe é fún. Mẹ́fà kú nínú 99 yòókù. Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́-abẹ wá fẹnu kò sí ni pé àwọn tó yẹ kí wọ́n ṣe é fún nìyí: ẹni tí àyà rẹ̀ ti dá sọ́tọ̀, ẹni tí eegun rẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ ti yẹ̀ kúrò lójú ara wọn, ẹni tí ẹ̀rọ ò ṣeé yọ lẹ́nu rẹ̀, àti ẹni tí gbogbo oògùn ìrora ti kùnà lára rẹ̀, tí kò lè wúkọ́. Ó sì dára kí wọ́n ṣe é láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí òtútù àyà tó wọlé, kí eegun tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ní wíwọ́.

Iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ipá. Wọ́n á fi oògùn kun aláìsàn lóorun, wọ́n á mú un fi ẹ̀gbẹ́ tí kò ṣẹ́ dùbúlẹ̀, wọ́n á gbé apá rẹ̀ síwájú. Síkáànù á ti fi ibi tí eegun kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ́ hàn wọ́n, nítorí náà ojúkò yẹn gan-an ni wọ́n á là, wọn ò ní la gbogbo ìhà. Iṣan tó bo ibẹ̀, wọ́n á yà á láàárín okùn rẹ̀ dípò kí wọ́n gé e, torí òun ló ń gbé èjìká. Wọ́n á fa eegun tó rì wọlé sókè, wọ́n á fi ojú rẹ̀ kanra, wọ́n á gbé irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lé e. Titanium ni irin náà. Kì í dípẹtà, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ kó bá kọ̀rọ̀ ìhà mu. Súkúrù mẹ́ta lápá kan ibi tó ṣẹ́, mẹ́ta lápá kejì. Oníṣẹ́-abẹ á ṣọ́ etí ìsàlẹ̀ eegun náà lójú méjèèjì, torí ibẹ̀ ni òpójẹ̀ àti iṣan tó ń gbé ìrora ń gbà. Bí irin bá fún un, ìrora tí wọ́n fẹ́ mú kúrò á di ti ọjọ́ ayé. Eegun ìkẹta sí ìkẹwàá ni wọ́n sábà máa ń ṣe; wọ́n máa ń fi méjì òkè àti méjì ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Wọn ò ní láti ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n kàn ní láti di iye tó máa jẹ́ kí àyà dúró. Wọ́n á fọ ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú àyà jáde, wọ́n á fi rọ́bà sílẹ̀, wọ́n á rán an pa. Irin náà lè wà níbẹ̀ títí ayé.

Níbo ni ará Igbó-Elérin á ti rí èyí? Ìgbóbì ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ bí wọ́n bá ti ní eegun ṣẹ́. Ilé ìwòsàn eegun tó wà níbẹ̀ lórúkọ, ó sì yẹ ẹ́. Láti 1945 ló ti wà, nígbà tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó ṣèṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ìhà yàtọ̀ sí ti itan. Oníṣẹ́-abẹ àyà ló ni ín, pẹ̀lú dókítà akunnilóorun, síkáànù, yàrá ìtọ́jú àkànṣe àti ẹ̀jẹ̀ tí a lè gbà. Ilé ìwòsàn ńlá bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà ni gbogbo ìyẹn ti lè pàdé. Láti Okokomaiko dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ mọ bí Mile 2 ṣe máa ń rí. Irin titanium ń ti òkè òkun wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, ìdílé aláìsàn ló sì sábà máa ń wá owó rẹ̀. Kí irin tí wọ́n ṣe fún ìhà tó dé ayé, wáyà àti irin abẹ lásán ni àwọn oníṣẹ́-abẹ ń fi di eegun ìhà, wáyà máa ń já, irin lásán kì í sì í bá kọ̀rọ̀ ìhà mu. Bí ìyẹn bá jẹ́ gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́, ó dára ju kí wọ́n káwọ́ gbera lọ, àmọ́ kì í ṣe ohun tó yẹ kó tẹ́ wa lọ́rùn.

Ìtọ́jú kan tún wà tí kò nílò titanium. Àwọn tó pọ̀ nínú àwọn tí ìhà wọn ṣẹ́ ò nílò iṣẹ́ abẹ ńlá. Rọ́bà àyà, oògùn ìrora tó ká a, àti ẹni tí yóò máa kọ́ wọn bí wọn ó ṣe mí ló máa gbà wọ́n. Rọ́bà àyà ò le láti ṣe. Wọ́n á fi oògùn pa ojú ara kú, wọ́n á la ojú kékeré kan láàárín ìhà méjì lábẹ́ abíyá, wọ́n á ti rọ́bà bọ̀ ọ́, wọ́n á ki ìdí rẹ̀ bọ omi inú ìgò kan nílẹ̀. Bí aláìsàn bá wúkọ́, omi náà á hó. Afẹ́fẹ́ tó há mọ́ ẹ̀dọ̀fóró ló ń jáde yẹn. Ẹ̀jẹ̀ náà á máa ṣàn wá, nọ́ọ̀sì á máa fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí ibi tó dé lára ìgò. (Ẹ̀yin tí ẹ bá ń tọ́jú ẹni tó ní ìgò yìí, ẹ má ṣe gbé e ga ju àyà rẹ̀ lọ nígbà tó bá fẹ́ lọ sí ilé ìyàgbẹ́, omi á padà sínú àyà rẹ̀.) Àwọn físíò á ní kó di ìrọ̀rí mọ́ ìhà kó tó wúkọ́, kó máa fẹ́ bàlúù, kó dìde jókòó, kó rìn. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìgàndò àti ní Àgbádárìgì ló yẹ kó máa ṣe èyí tọ̀sán tòru, àti èyí tí ìjọba Èkó ní òun ń kọ́ sí Ọ̀jọ́. Mo bẹ àwọn tó ń kọ́ ọ: ẹ fi síkáànù, ẹ̀jẹ̀ àti yàrá ìtọ́jú àkànṣe sí i láti ìpilẹ̀, torí ojú títì tó pọ̀ ní jàǹbá ló wà. Mo sì bẹ àwọn tó ń ṣe Ìlera Èkó, ètò ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ wa, pé kí wọ́n kọ irin ìhà sílẹ̀ gbangba lára ohun tí ètò náà ń san, kí ẹnikẹ́ni má máa fi ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn tọrọ owó káàkiri.

Mi ò bú àwọn bàbá tó ń to eegun. Wọ́n ti to ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn èèyàn wa kí ọsibítù tó dé. Ṣùgbọ́n ìhà kì í ṣe ohun tí à ń de igi mọ́, bàbá tó bá sì mọṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ á sọ fún yín pé kí ẹ gbé ẹni tí kò lè mí dáadáa lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ilé ìwòsàn bá sì ní àfi kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014, abala 20, wà fún yín. Ó ní dókítà tàbí ilé ìwòsàn kankan ò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ohunkóhun. Ẹni tó bá rú u lè san ìtanràn 100,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Ẹ fi sùúrù sọ ọ́ fún wọn, àmọ́ ẹ sọ ọ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá ṣubú lọ́kadà lónìí, tó ní nǹkan kan ò ṣe òun, ẹ má jẹ́ kó lọ sùn. Ẹ ní kó mí kanlẹ̀. Ẹ ní kó wúkọ́. Bí kò bá lè ṣe é, bí ọ̀rọ̀ bá ń já mọ́ ọn lẹ́nu, bó bá ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú, bí apá kan àyà rẹ̀ bá ń rì nígbà tí ìyókù ń wú, ẹ má ra á, ẹ má dì í, ẹ má di apá rẹ̀ mú gbé e sókè. Ẹ jẹ́ kó jókòó bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ẹ sì pè fún ìrànwọ́. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 767 àti 112, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ kọ méjèèjì sínú fóònù yín lónìí, kí ẹ kọ ọ́ sínú ti ọmọ yín tó ń gun ọ̀kadà lọ sí LASU náà.